Ọmú rọ́bà olórí pupa fún ọmọ ewúrẹ́: ó tó owó rẹ̀, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n gé

Ọmú méjì péré ni ewúrẹ́ ní. Bó bá bí ìbejì, kálukú ní tirẹ̀. Bó bá bí ìbẹ́ta, èyí tí kò ṣàjèjì sí ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa, ẹnì kẹta ni wọn yóò máa tì sẹ́yìn. Yóò máa ké títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, bó bá sì di ọjọ́ kejì, ẹ lè má gbọ́ ohùn náà mọ́. Torí irú ọmọ yìí, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, àti èyí tí ìyá rẹ̀ ń kàn dànù, ni wọ́n ṣe ń ta ọmú rọ́bà tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí. Orí rẹ̀ pupa, ó rọ̀, ó sì gùn bí ìka. Ìdí rẹ̀ jẹ́ ike yẹ́lò tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu ìgò bí ẹni ń yí ìdérí. Ẹ lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn àti ohun èlò ẹran lápá Agége, tí kò jìnnà sí ọjà ẹran Oko-Ọba. Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé ọjà kiri á sì gbé e dé Ìpájà tàbí Ejìgbò.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: ọjà gidi ni. Ó sàn ju fídà ọmọdé lọ, ó sì sàn jìnnà ju sírínjì tí àwọn kan fi ń tú mílíìkì sọ́mọ ẹran lọ́fun. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń sọ ọ́ di òfo lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Àkọ́kọ́ ni ihò tí ẹ fúnra yín máa gé sórí rẹ̀. Èkejì ni ihò afẹ́fẹ́ tó wà nídìí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Ẹ dojú ike yẹ́lò náà sókè, kí ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí rọ́bà gbà jáde, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹyin irin bíńtín kan jókòó sí. Ẹ mì í sétí, ó yẹ kó máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Iṣẹ́ ẹyin irin yìí ni pé bí ọmọ ewúrẹ́ bá ń fa mílíìkì jáde, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé láti dípò rẹ̀, síbẹ̀ mílíìkì ò ní gba ibẹ̀ jò síta. Bí ihò náà bá dí, ìgò á máa fún wọnú, rọ́bà á lẹ̀ mọ́ra, ọmọ á máa fa òfìfo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan á rẹ̀ ẹ́, á jọ̀wọ́ ọmú, olówó rẹ̀ á sì máa sọ fún gbogbo ayé pé ẹran òun kọ oúnjẹ. Kò kọ oúnjẹ o, kò rí oúnjẹ ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó nìyí. Ẹ mú ìgò tiyín dání. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ fún ìgò náà kó wọnú, ẹ yí ọmú mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ láì tíì tú ọwọ́, kí ẹ wá dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tú ọwọ́. Bí ihò afẹ́fẹ́ bá ń ṣiṣẹ́, ìgò á padà fẹ̀, ẹ ó sì rí afẹ́fẹ́ tó ń hó lọ sókè nínú omi náà. Bí ìgò bá fún pọ̀ síbẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Bí omi bá ń kán níbi ike yẹ́lò ṣáá, ẹ dá ìyẹn náà padà. Èyí tí kò bá dún létí rárá, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ ìgò rọrùn ju báyìí lọ, àmọ́ ó máa ń tan èèyàn. Ọrùn ìgò ike ẹlẹ́rìndòdò ló bá ọmú yìí mu, èyí tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ 28 mm. Ìgò omi tí wọ́n ń tà láàárín gòsíló yàtọ̀ síra: òmíràn ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù, òmíràn ó dà bíi pé ó ti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ ewúrẹ́ bá forí gún un lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe ń gún ọmú ìyá wọn, á tú dànù. Ara ìgò omi sì fẹ́lẹ́ jù. Ẹlẹ́rìndòdò 50cl ni kí ẹ lò, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ dípò kí ẹ máa fi kàìnkàìn ha inú rẹ̀. Ìgò òfìfo tí òwàm̀bẹ̀ ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ń dà sílẹ̀ ní Sùúrùlérè á tó yín lò fún ọdún kan.

Ó wá kan abẹ. Dídí ni orí ọmú náà máa ń wà tí wọ́n bá tà á. Ẹ̀yin lẹ máa gé e. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Abẹ fẹ́lẹ́ tàbí sísọ́ọ̀sì tó mú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gé ṣóńṣó rẹ̀ níwọ̀nba 1 mm péré lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ rọ omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò, ẹ dojú rẹ̀ dé láì fún un. Ó yẹ kí omi máa kán tó, tó, tó, bí ẹni ń ka owó. Bí kò bá kán rárá, ẹ tún fi abẹ kàn án díẹ̀. Bó bá ń ṣàn bí okùn, ẹ ti gé e jù, rọ́bà tí a gé ò sì ṣeé rán. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún ọmọ tó ti lé lóṣù kan, kí ẹ mú òmíràn.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìyà ihò ńlá kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ á wúkọ́ díẹ̀, mílíìkì á yọ nímú rẹ̀, olówó á fi àkísà nù ún, ó parí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ ó rí i tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí etí rẹ̀ wó, tí ara rẹ̀ gbóná: mílíìkì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà ti dé. Ihò kékeré jù náà níyà tirẹ̀, àmọ́ òun ṣeé tún ṣe. Ọmọ tí ara rẹ̀ le yẹ kó mu 60 ml tán láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Bó bá ti lé ní mẹ́wàá tí ìgò ò fà, ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tó ronú kan abẹ. Torí èyí la ṣe máa ń ní kí èèyàn ra méjì: ọ̀kan tí ihò rẹ̀ kéré fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ọ̀kan tó fẹ̀ díẹ̀ fún ìgbà tó bá lágbára. Ẹ fi bírò sàmì sí ike wọn kí òru má baà ṣì yín lọ́nà.

Ẹni tó bá ní fídà ọmọdé ò burú tó yìí, a ò jiyàn. Bí ewúrẹ́ bá rọbí láago méjì òru nígbà tí òjò ń rọ̀, kẹ́mísì ojúlé yín ló máa kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ọmú pupa kò sì sí níbẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ tuntun, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ti ki bọ iná kó gbóná fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀, ó máa gbé yín dé ọ̀la. Àléébù rẹ̀ ni pé orí rẹ̀ kúrú, ó sì sanra. Ẹnu ọmọ ewúrẹ́ gùn tóóró, ahọ́n rẹ̀ kì í rí i dì mú dáadáa. Yóò wá máa fi eyín rún un. Bẹ́ẹ̀ ni, eyín: ọmọ ewúrẹ́ máa ń gbé eyín ìsàlẹ̀ wáyé ni.

Ohun tí ọlọ́jà kì í sọ fún yín ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń ra ọmú yìí fún, kò nílò rẹ̀. Kí ẹ tó gbé ìgò, ẹ dá ìyá rẹ̀ dúró, kí ẹ fún orí ọmú méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ewúrẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ohun kan bí ìda máa ń dí ẹnu ọmú rẹ̀. Ó le bí orí ìṣáná, ó sì funfun. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò le ò lè fà á jáde, á máa fà á lásán, á sì sùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fún un yọ, tí omi ọmú sì tú jáde lé ọwọ́ yín, ẹ ti ẹnu ọmọ mọ́ ọn, ó sábà máa ń tán síbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀gbẹ́ ọmú kan bá le, tó gbóná, tí ohun tó ń jáde níbẹ̀ sì dà bí omi tó ní ìdìpọ̀ funfun nínú, àrùn ọmú nìyẹn. Ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì gbé ìgò fún ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ki ìka kan bọ ọmọ lẹ́nu. Bí ẹnu bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ń fa ìka yín, ẹ fún un. Bí inú ẹnu bá tutù bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu, bó ti wù kó ká yín lára tó. Ìgbóná ara ọmọ ewúrẹ́ tó dáa máa ń wà láàárín 38.5°C sí 39.5°C tàbí kó lé díẹ̀. Bó bá ti wá sílẹ̀ ju 37°C, ikùn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní lè gbé mì dáadáa: ẹ̀dọ̀fóró ni mílíìkì náà ń lọ. Èkó ò ní yìnyín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ kílò kan tí omi inú ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tó sùn lórí sìmẹ́ńtì tí òjò oṣù kẹfà ti fẹ́ sí, kì í pẹ́ tutù. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún kankan, ẹ gbé e sínú páálí. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì, ẹ fi aṣọ wé wọn, kí ẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná ìjọba ò wọ ọ̀rọ̀ yìí, torí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gílóòbù. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ìgò tó kàn án. Èyí tí kò bá lè fa ọmú rárá lẹ́yìn tó ti gbóná, rọ́bà tóóró tí wọ́n ń kì gba ọ̀fun dé ikùn ni wọ́n ń lò fún un, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì ni kí ẹ sì jẹ́ kó kì í.

Iye tí ẹ máa fún un ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ìwé ìtọ́ni tó ń bá irú ọjà báyìí rìn, ọmọ àgùntàn òyìnbó tó wọn kílò mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣírò. Ọmọ ewúrẹ́ wa kì í sábà ju kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ lọ. Ẹ gbé e sínú bàsíà lórí ìwọ̀n kíṣìnì. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n bí ẹyin, 50 ml fún kílò kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un láàárín wákàtí méjì tó dáyé, kó sì máa mu bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé 200 ml fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 24. Ọmọ tó wọn 1.2 kg, 60 ml lẹ́ẹ̀mẹrin nìyẹn. Sírínjì 60 ml láìsí abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Omi ọmú yìí ni gbogbo ohun ìjà tí ọmọ ewúrẹ́ fi ń bá àrùn jà, torí kò gba ìkankan látinú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tó wà nínú oyún. Lẹ́yìn wákàtí 24, ìfun rẹ̀ ti pa ilẹ̀kùn. Ẹ lè rọ gálọ́ọ̀nù kan sí i, oúnjẹ lásán ló kù.

Bí ewúrẹ́ mìíràn bá bí nítòsí tí omi ọmú rẹ̀ pọ̀, ẹ fún díẹ̀ pamọ́ sínú ọ̀rá kékeré, 60 ml lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sínú fírísà. Èyí tí iná lọ tó sì ti yọ́, ẹ lò ó tàbí kí ẹ dà á nù. Ẹ má jẹ́ kó tún dì lẹ́ẹ̀kejì. Inú omi tí ọwọ́ lè gbà ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Bí ẹ bá gbé e kaná, á dì bí ẹyin sísè, gbogbo agbára inú rẹ̀ á sì kú.

Láti ọjọ́ kejì, mílíìkì ewúrẹ́ mìíràn ló dára jù. Bí kò bá sí, mílíìkì oníyẹ̀fun tó ní gbogbo ọ̀rá rẹ̀, gíráàmù 13 sí 100 ml omi tí ẹ ti sè tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó rà á: ọ̀pọ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà lórí àtẹ, vegetable fat ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ikùn ọmọ ewúrẹ́ ń wá. Mílíìkì olómi inú agolo tí kò ní ṣúgà náà ṣeé lò, agolo kan sí omi agolo kan. Èyí tó ní ṣúgà, tó ki bí oyin, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lóòjọ́ ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Fún ọmọ 1.2 kg, bí 45 sí 48 ml lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má sì pààrọ̀ irú mílíìkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa da tuntun mọ́ ti àtijọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bí wọ́n ṣe ń dì í mú náà ṣe pàtàkì. Ẹ má gbé ọmọ ewúrẹ́ nà gbalaja sí itan bí ọmọ èèyàn. Kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìgò wà níwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n gíga ọmú ìyá rẹ̀, kí ọrùn nà sókè díẹ̀. Bó bá ń fa ọmú bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan nínú ikùn rẹ̀ á ká pọ̀ bí ọ̀pá, á gbé mílíìkì kọjá àpò ńlá tí koríko ń lọ, á gbé e dé yàrá kẹrin tó yẹ kó wà. Sírínjì tí ẹ tú sí i lọ́fun kì í sábà ṣí ọ̀nà yìí. Àpò koríko ni mílíìkì ń bọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń kan, tí ikùn á wú. Ibí yìí gan-an ni ọmú pupa ti ta gbogbo yòókù yọ: gígùn rẹ̀ àti rírọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kí ọmọ fà á tinútinú.

Fífọ̀ rẹ̀ kò nira. Omi tútù lẹ kọ́kọ́ fi ń ṣan án, kí ẹ tó lo omi gbígbóná àti ọṣẹ; bí gbígbóná bá ṣáájú, mílíìkì á gan mọ́ ọn lára. Ẹ fi ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ kan ti ẹyin irin náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ẹ mì í sétí, kí ẹ gbọ́ pé ó ṣì ń dún. Ẹ má sè é lójoojúmọ́, á rọ̀ jù, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn Èkó á là á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Abẹ́ ìbòòji ni, nínú ike tó ní ìdérí, torí èkúté fẹ́ràn òórùn mílíìkì ju ewúrẹ́ lọ.

Rọ́bà yìí kì í pẹ́ láyé. Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ oṣù kan, eyín rẹ̀ á máa já a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò á sì máa fẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fà á wò gbọ̀ngbọ̀n kí ẹ tó gbé e fún un nígbàkúùgbà. Bó bá ń yọ kúrò nínú ike, ẹ jù ú nù kí ó má baà di ohun tí ọmọ gbé mì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí koríko tútù ti wà níwájú rẹ̀, kí ìgò máa dín kù diẹ̀diẹ̀, kí ẹ sì já a lẹ́nu ọmú láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá.

Ta ni kò yẹ kó rà á? Ẹni tí ewúrẹ́ mìíràn nínú agbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí òkú ọmọ. Ẹ fi ibi ọmọ àti omi ara ewúrẹ́ náà pa ọmọ aláìníyàá náà lára, kí ẹ tì í sábẹ́ rẹ̀ kí ibẹ̀ tó gbẹ, ó lè gbà á bí ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin á sì sùn mọ́jú. Ẹni tó fẹ́ tọ́ akọ dàgbà di òbúkọ náà, kó rò ó dáadáa: akọ tí wọ́n fi ìgò tọ́ kì í bẹ̀rù èèyàn, bó bá sì di ọdún kan, itan olówó rẹ̀ ni yóò máa kàn. Ẹ má fi ṣeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kó tó dàgbà, tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún Oko-Ọba.

Ìmọ̀ràn tó kù jẹ́ ti ọjọ́ tí ẹ bá rà á. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa kì í dúró de àkókò kan lọ́dún kó tó bí, nǹkan bí ọjọ́ 145 sí 150 lẹ́yìn tí òbúkọ gùn ún ló ń bí. Ẹ ka á, kí ọmú méjì àti áyódìn tí ẹ máa ti ìwọ́ ọmọ bọ̀ ti wà nílé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ẹ sì dán ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò lójú ẹni tó gbé e wá kí ẹ tó gé orí rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa gbà á padà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí abẹ bá ti kàn án.